Ìkòkò Àdúrà Àwọn Obìnrin Boni

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe náà kò sọ ẹni tó yẹ kéèyàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Hélène, ọmọ Bàbá Florent oníwàásù ìjọ Plateau ní ìlú Ṣábẹ̀, béèrè ọ̀nà dáadáa, ó tiẹ̀ fi pọtábù, fóònù ọwọ́ rẹ̀, gba ohùn ẹni tó dá a lóhùn sílẹ̀, síbẹ̀ ó ṣìnà pátápátá. Kò sì mọ̀ títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ ní yunifásítì.

Ìwé wo nìyẹn? Ó ti di ọdún mẹ́rin tí Hélène ti wà ní yunifásítì Calavi, tó ń kọ́ nípa ẹ̀sìn àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà: bí àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe mọ Ọlọ́run láàárín oko òwú, irú orin tí wọ́n kọ, irú àdúrà tí wọ́n gbà, àti bí wọ́n ṣe dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn jókòó pọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn kan ní ìlú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ tí kò tíì mọ gbogbo agbo ilé tó wà ní àdúgbò Adido, àdúrà Amẹ́ríkà ló ń wádìí!" Hélène kì í bínú. Inú ìwé orin ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà kó tó dé lekọ́ọ̀lù, ó sì ti mọ̀ láti kékeré pé níbikíbi tí èèyàn bá ti ń fi omijé kọrin sí Ọlọ́run, àwọn ará ilé òun ló wà níbẹ̀.

Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkòkò. Láyé oko ẹrú, ọ̀pọ̀ olówó ẹrú kì í fẹ́ kí àwọn ẹrú wọn pàdé gbàdúrà. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn wọn, pàṣán ni. Nítorí náà àwọn ẹrú á yọ́ lọ sínú igbó, tàbí kí wọ́n sé ara wọn mọ́ yàrá kan, wọ́n á gbé ìkòkò irin ńlá wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n gbà pé ìkòkò náà yóò gbé ohùn àwọn mì, kò ní jẹ́ kó dé etí olówó àwọn. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí ló sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn fún àwọn tó ń kọ ìtàn sílẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e lọ, àwọn mìíràn ní ẹ̀rí dà.

Hélène rò pé òun ti rí ẹ̀rí. Ní ọdún tó kọjá, ó lọ sí abúlé Boni lọ kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aládùúrà. Kò bá Ìyá Tọ́ládé tó jẹ́ olórí wọn nílé, nítorí ọmọ rẹ̀ bímọ ní Parakou. Bí àwọn obìnrin tó kù ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ti ń kà nínú ìwé ni Hélène rí yìí. Ó na pọtábù rẹ̀, ó ya á ní fídíò. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, mọ́tò tó máa gbé e padà ti ń fun fèrè lẹ́bàá ọ̀nà, ló bá tún tan pọtábù, ó sáré bi ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nadège, pé ta ló kọ́ wọn.

Nadège rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tàntí, bí a ṣe bá a nìyẹn."

Ní Ṣábẹ̀, bí ẹnìkan bá ti sọ pé bí a ṣe bá a nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni, àwọn ìyá ló fi lé wọn lọ́wọ́. Orí gbólóhùn kan yìí ni Hélène kọ́ orí kẹta ìwé rẹ̀ lé, ojú ewé méjìdínlógójì: pé láti ilẹ̀ wa níhìn-ín ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé àdúrà ìkòkò sọdá òkun. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Romuald tó ń tọ́ ọ sọ́nà kà á, ó pè é lórí pọtábù, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ó sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àpérò àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n máa ṣe ní Amẹ́ríkà lópin ọdún. Lẹ́tà ìpè dé. Bàbá Florent kà á lórí àga ìwàásù, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́ pé àwọn ìyá Ṣábẹ̀ ló kọ́ Amẹ́ríkà ní àdúrà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó gbé ìwé kalẹ̀, Hélène wà nílé bàbá rẹ̀, ó ń tún àmì ọ̀rọ̀ ṣe lórí ìwé náà, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè.

"Hélène, orí kẹta yìí ni ọkàn ìwé rẹ. Ohun kan ló kù. Àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ní Boni. Ìyá ta ni, ní ìgbà wo? Lọ wá orúkọ kan fún mi, ojú ewé kan péré."

"Kò le rárá, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́la ni mò ń lọ."

Ṣàfíù ló fi alùpùpù gbé e lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ dàgbà, kò sì sí ohun tí Ṣàfíù kì í fi ṣàwàdà.

"Amẹ́ríkà," ó pè é bí ó ṣe ń fún alùpùpù níná, "kí ló tún kù ní Boni?"

"Ìkòkò."

"Ẹ̀yin ọmọ Jésù yìí! Bí ẹ bá fẹ́ pariwo, ẹ lu agogo. Bí ẹ bá fẹ́ dákẹ́, ẹ dojú ìkòkò dé. Àwa ìmàle ní tiwa, ìkòkò wa, ọbẹ̀ ló wà fún."

"Ṣàfíù, wo iwájú rẹ, màlúù ń kọjá."

Wọ́n bá Ìyá Tọ́ládé lábẹ́ igi kajú lẹ́yìn ilé, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta, wọ́n ń já kóró kúrò lára èso. Omi kajú ti sọ ọwọ́ wọn di dúdú. Nadège wà láàárín wọn, ó fi aṣọ pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Hélène kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo, ọmọ mi. Kí ló ń gbẹ ọ́ báyìí? Ìwé yẹn ló ń jẹ ọ́ ni, àbí ìwọ lo ń jẹ ẹ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní àpótí, ó jókòó, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já kajú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé pọtábù rẹ̀ lé orí itan, ó tan án láti gba ohùn.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìkòkò àdúrà yín ló tún gbé mi dé. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé ní Boni níbí. Ṣé ìyá yín ni, àbí ìyá ìyá yín?"

Ìyá Tọ́ládé dáwọ́ dúró, ó wò ó bí ẹni tó ń retí kó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi kẹ̀? Ìyá mi tó jẹ́ pé bí o bá dojú ìkòkò rẹ̀ dé, á ní o fẹ́ kí ebi wọlé, á sì fi orógùn lé ọ yí ilé ká?"

"Ta wá ni, Màmá?"

"Ìwọ ni."

Àwọn obìnrin yòókù mi orí. Hélène kò tíì gbọ́ ọ dáadáa. "Èmi báwo?"

"Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí. Ṣé o ti gbàgbé ìdúpẹ́ ìkórè ọdún kẹta sẹ́yìn, tí gbogbo ìjọ abúlé pé sí Plateau? Bàbá rẹ ní kí ọmọ òun tó ń bọ̀ láti Calavi bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. O dìde, o wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan báyìí, o sọ fún wa nípa àwọn ará wa tí wọ́n fi ṣe ẹrú, bí wọ́n ṣe ń dojú ìkòkò dé nítorí pàṣán. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò wa títí a fi délé. Ẹni tó máa ń kọrin fún wa yìí gan-an kò kọrin." Ó tọ́ka sí obìnrin sísanra kan, ìyẹn sì bo ojú. "Nígbà tó di ọjọ́rú, mo gbé ìkòkò mi jáde, mo ní kí a máa ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni."

Ilẹ̀ kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀ Hélène nítorí ó jókòó. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ewé méjìdínlógójì bí wọ́n ṣe ń wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn ara òun ló ti lọ gbà sínú pọtábù, tí òun sì pè ní ohùn àwọn ìyá àtijọ́.

Ó yíjú sí Nadège. "Nadège, ṣebí o sọ fún mi pé bí ẹ ṣe bá a nìyẹn?"

Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. "Tàntí, mi ò parọ́. Oṣù kejì tí mo wọlé ọkọ láti Adido ni ẹ bi mí. Bí mo ṣe bá a nìyẹn lóòótọ́."

Ìyá Tọ́ládé bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Háà, Hélène! Ìyàwó tuntun lo lọ bi léèrè ìdí ilé? Ọmọ tí kò tíì mọ ibi tí a ń kó iyọ̀ sí! Ọmọ Ṣábẹ̀ ni ẹ́ ṣá, àbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ ní Calavi?"

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá mọ̀ ní Ṣábẹ̀ pé a kì í bi ìyàwó tuntun nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ilé. Yóò sọ ibi tí kànga wà fún ọ, yóò sọ ẹni tó sùn àti ẹni tó jí, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀, àwọn tó ni ilé ló ni ín. Bó bá jẹ́ pé oríkì ìdílé ni Hélène wá béèrè, kò ní ya ọ̀dọ̀ Nadège láéláé. Mọ́tò tó ń fun fèrè ló lé e, òun náà sì ti mọ èsì tó ń wù ú kó tó béèrè.

Ìyá Tọ́ládé rí ojú rẹ̀, ó pa ẹ̀rín rẹ́. "Ṣé ohun tí a ṣe kò dára ni?"

"Ó dára, Màmá. Èmi ni mo kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, pa iná ara rẹ díẹ̀, kí o gbọ́ èyí tó rí bẹ́ẹ̀." Obìnrin náà nu ọwọ́ sí aṣọ. "Nígbà tí o sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe pàṣán ló pa mí lẹ́kún. Mo rò ó pé, àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ní ìyá níbí. Àwọn ìyá náà jí lọ́jọ́ kan, wọn kò rí ọmọ wọn mọ́, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí àwọn ọmọ gbà fún wọn. Wọn kò gbọ́ pé àwọn ọmọ yẹn ń gbàdúrà níbì kan. Mo ní, àwa tí a gbọ́ ọ yìí, ẹ jẹ́ ká bá àwọn ìyá wọn dáhùn. Kò sí olówó ẹrú kankan ní Boni, a ò sá fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá ti dojú ìkòkò dé, a ó kúnlẹ̀ yí i ká, ẹnìkọ̀ọ̀kan á pe orúkọ ẹni rẹ̀ tó lọ. Tèmi wà ní Libreville. Ti obìnrin yìí wọ aginjù, ó ní òun ń lọ sí Ítálì, kò tíì pè láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a tó pe tiwa, a ó kọ́kọ́ sọ pé: àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Àwọn la fi ń ṣáájú."

Hélène ṣí fídíò ọdún tó kọjá nínú pọtábù, ó wò ó dópin. Bí ìkòkò ṣe kan ilẹ̀ báyìí ni fídíò náà parí. Ìkòkò ni òun wá wò, ó rí ìkòkò, ó pa pọtábù, kò sì fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nínú àdúrà. Ó bẹ Ìyá Tọ́ládé pé kó tún gbogbo rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀, ní sùúrù. Títí oòrùn fi kan àtàrí ni wọ́n fi sọ ọ́, tí Ṣàfíù sì sùn lọ lórí alùpùpù rẹ̀.

Bàbá Florent wà ní ìta ilé, ó ń dán bàtà ìwàásù ọjọ́ kejì, nígbà tí Hélène dé tó sì rò ó fún un. Ó ń dán bàtà lọ títí ọ̀rọ̀ fi parí. Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà sílẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́ fún alábòójútó. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ará ìjọ Tchaourou. Ọ̀la ni mo ní kí o tún bá ìjọ sọ ọ́, àlejò ń bọ̀." Ó fọwọ́ nu iwájú orí. "Ọmọ yẹn, Nadège, ṣebí kò parọ́?"

"Nadège kò parọ́, Bàbá. Bí mo bá wá fi ohùn rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn òní, èmi ni mo parọ́."

"Ta ló máa mọ̀?"

Ó sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Wọ́n wo ara wọn. Oníwàásù ọgbọ̀n ọdún, tó ti wàásù lórí ẹlẹ́rìí èké ju ìgbà tó lè kà lọ! Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ìkòkò ọbẹ̀.

"Olúwa, dárí jì mí. Pe ọ̀gá rẹ, ọmọ mi. Pè é kí n tó tún sọ òmíràn."

Hélène pè é níbẹ̀, lójú bàbá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Romuald gbọ́ ọ dópin.

"O mọ̀ pé orí kẹta yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè ọ́ sí Amẹ́ríkà?"

"Mo mọ̀."

"Mo ní láti kọ̀wé sí wọn pé kò sí mọ́. Wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ."

"Ẹ kọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ tiẹ̀ fi orúkọ mi sí i pé èmi ni mo rí àṣìṣe náà. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè láti kọ orí kẹta mìíràn. Ohun tí mo bá ní Boni lónìí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Kí ló wá lágbára níbẹ̀? Obìnrin abúlé gbọ́ ìtàn, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe gbọ́. Ibo ni ìmọ̀ wà?"

Ó ya Hélène fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ohùn rẹ̀ ṣe dúró ṣinṣin. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo àwa tí à ń kọ̀wé yìí, ohun kan là ń wá: ohun tí Áfíríkà fún àwọn tó lọ. Ta ló ti béèrè ohun tí àwọn tó lọ fún wa? Àdúrà tí ẹrú gbà ní bòńkẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà ti dé Boni, ó sì ti di ohun mìíràn lọ́wọ́ àwọn tí kò sá fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ń pe àwọn tó sọnù. Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ mọ́tò tó gbé e wá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì wà láàyè, ó ń já kajú. Àṣà wo la tún rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú báyìí? Èmi náà yóò wà nínú ìwé náà pẹ̀lú àṣìṣe mi, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé."

Hélène gbọ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń ṣí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lè bá ọ gbà lọ́wọ́ wọn. Ti Amẹ́ríkà, mi ò ṣèlérí." Ó tún fi kún un pé: "Ìbá dùn mí gan-an kó jẹ́ pé níwájú àwọn olùyẹ̀wò ni a ti mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá Florent kò dúró kí ọmọ rẹ̀ dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé ìyangàn tí òun fi ṣe ìwàásù kò ní ìdí, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn kan kùn. Bàbá arúgbó kan ní ẹ̀yìn pariwo pé, "Ṣé àwa kọ́ la kọ́ Amẹ́ríkà mọ́ ni?" Ìjọ rẹ́rìn-ín, oníwàásù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, Hélène sì dìde sọ ohun tí àwọn obìnrin Boni ń ṣe. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pe àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, kò sẹ́ni tó kùn mọ́.

Lẹ́tà Amẹ́ríkà dé sórí pọtábù rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Hélène kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé pọtábù sílẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó sì ránṣẹ́ pe Ṣàfíù fún ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ tí òun náà bá wọn kúnlẹ̀ sí, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ níwájú àwọn obìnrin náà. Ìyá Tọ́ládé gbé ọwọ́ lé e.

"Dúró ná. O ti bi wá tó, ó kan àwa náà. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n mọ̀ pé à ń ṣe èyí?"

"Wọn kò mọ̀, Màmá."

"Ẹnì kankan kò tíì sọ fún wọn?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ́."

Ìyá Tọ́ládé gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. "Kí lo wá ń wò? Kọ ọ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí, kí o má fi dídùn kún un. Bẹ̀rẹ̀ láti inú mọ́tò yẹn. Àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀."

"Mẹ́wàá," obìnrin sísanra náà sọ.

"Mẹ́sàn-án ni! Ìwọ wà níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, o ń sùn."

"Ẹni tó ń sùn kì í ṣe èèyàn ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, wọ́n ń ka ara wọn lórí ìka. Hélène kọ mẹ́sàn-án, ó kọ mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá a lọ.